Ọ̀wẹ̀ Àna Lọ́dún Tí Mo Fi Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Sílẹ̀

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni àwọn ọmọ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, àkọ́bí láti Èkó, àbíkẹ́yìn láti Ìlọrin: "Bàbá, níbo lẹ máa wá lọ báyìí?" Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lé mi kúrò nílé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé náà tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo, pé àdúgbò Adébáyọ̀ tí mò ń gbé ti di ojú ọjà, pé ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí àgbàlagbà sinmi. Mo máa ń gbọ́ wọn tán, màá sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Ìgbà kan ti wà rí tí gbogbo Adó bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì dá wọn lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kò sí mọ́.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn máa ń pé jọ sídìí rédíò láti gbọ́. A ti gba ife. Lẹ́yìn tí a gba ife náà ni alága ẹgbẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fúnra rẹ̀ yan àwọn tí yóò wọ pápá. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni kó máa ṣọ́lé fún wa. Mo ní ọmọ náà kò burú, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti ga, ojú ló máa ń fi sin ín wọlé.

Alága wò mí. Ó ní, "Kóòṣì, ta ló ni ẹgbẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Èmi náà ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo kó bàtà mi àti fèrè mi, mo sì padà sí Adó.

Ìyàwó mi ti ṣáájú mi dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn Àgùdà kan, ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Ṣáájú ìgbà náà, ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti bá mi kó lọ nítorí bọ́ọ̀lù. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó bá dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ òru sí lọ́rùn. Kò ráhùn. Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ máa ń lọ wò ní gbogbo ilé tí a bá gbà. Á palẹ̀ mọ́, á gbin tẹ̀tẹ̀, á gbin ilá, kò ní gbin ohun mìíràn. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò gbin ọsàn.

Ó ní, "Ẹ̀fọ́ ni oko ìyàwó kóòṣì. Ohun tó bá pẹ́ kó tó so, ẹlòmíì ló máa ká a."

Ìgbà tí mo dé Adó, ilé tí a ń kọ́ sí Adébáyọ̀ kò tíì ju yàrá méjì tó ní òrùlé lọ. Inú rẹ̀ là ń gbé. Tẹ̀tẹ̀ ti hù lẹ́yìnkùlé.

Gbogbo ìlú ló mọ ibi tí mò ń lọ, àfi èmi. Bí mo bá dé agbègbè Fájuyì láti gẹ irun, onígbàjámọ̀ kì í bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló máa ń bá sọ ọ́, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

"Ẹnúgù ni wọ́n ń lọ," ó ní, ó ń fi abẹ kọjá létí mi. "Wọ́n ti parí ẹ̀."

"Ẹnúgù kẹ̀?" Awakọ̀ kan tó ń retí kí ó kàn án ló dá a lóhùn. "Bìní ni. Ẹni tó ti gba ife, kí ló ń wá lọ sí Ẹnúgù?"

"Ṣé ìwọ ni kóòṣì ni?"

"Ṣé ìwọ náà ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi lẹ gbé lọ́wọ́ o. Ẹ rọra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ní, "Kóòṣì, ẹ ṣáà ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan. A ti ta tẹ́tẹ́ ìgò ọtí lórí ọ̀rọ̀ yín."

Mo sanwó irun mi, mo dìde. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú: mi ò ní lọ síbi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ti pè mí kìkì nítorí pé wọ́n kọ́kọ́ pè mí. Nígbà tí mo délé, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé à ń lọ sí Bìní."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyàwó onígbàjámọ̀ wá fún àyẹ̀wò oyún láàárọ̀. Ó ní tí mo bá débẹ̀ kí n má gbàgbé òun."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà sílẹ̀, ó yíjú sí mi. "Olówó orí mi, mi ò ní kí ẹ má lọ. Iṣẹ́ yín ni. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kó, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Tèyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́."

Mo ní mo gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ òjò, pé obìnrin ẹlẹ́sìn, òyìnbó tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ti béèrè bóyá òun máa gba ipò náà. "Mo ní kó fún mi láàyè díẹ̀," ó ní. Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ká lọ, yóò lọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú iṣẹ́ òru.

Ẹnì kan wà tó ti wá bá mi ní gbangba. Fada tó jẹ́ olórí ilé-ìwé gíga àwọn ọkùnrin kan nílùú ni, ó gun alùpùpù rẹ̀ wá. Ó fẹ́ kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé láàárọ̀, kí n kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni bíi tiyín," ó ní. Mo ti mọ pápá rẹ̀. Ó dagun tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín, fúnra rẹ̀ ni yóò rìn lọ sínú odò. Èmi àti àwọn tíṣà díẹ̀, télọ̀ kan àti àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn bá ti parí, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo sọ fún Fada pé màá rò ó.

Àárín ríronú yìí ni bàbá ìyàwó mi dé láti Ìgèdè.

Mo ní láti ṣàlàyé díẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣiṣẹ́ lóko bàbá ìyàwó. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Nígbà tí mo gbéyàwó, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí n lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lókè òkun, bàbá sì ní kí n máa lọ, pé bọ́ọ̀lù ni oko mi, pé bí oko náà bá fún mi láàyè, kí n wá. Láti ìgbà náà, kò bi mí mọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sínú yàrá wa, ó mu omi, ó wá ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé uṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Mo fi í sílẹ̀ ni, Bàbá."

"Èyí tó bọ́ àti èyí tí a fi sílẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni méjèèjì. Òjò ti rọ̀. Ilẹ̀ uṣu wà ńlẹ̀."

Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò. "Bàbá, ẹni ogójì ọdún lẹ fẹ́ kó wá san ọ̀wẹ̀ àna?"

"Ṣé ọjọ́ orí ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe àna mi mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Mo sọ fún àwọn ará pápá ìrọ̀lẹ́, àwọn tíṣà àti télọ̀ àti akọ̀wé wọ̀nyẹn, gbogbo wọn ló sì tẹ̀ lé mi. Sátidé ni a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè, tàwa ti ọkọ́. Ìyàwó mi ti lọ ṣáájú láti bá àwọn obìnrin ilé wọn dáná.

Òfin ìdílé wọn lórí ọ̀wẹ̀ kò pọ̀. Àna kọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na ẹ̀yìn. Àna kò sì gbọdọ̀ kúrò lóko títí bàbá ìyàwó yóò fi sọ pé ó tó. Bí ó bá kúrò ṣáájú, kò sí bí ebè ti lè pọ̀ tó, ọ̀wẹ̀ náà kò tíì di ọ̀wẹ̀. Bàbá jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan létí oko, ó kọjú sí wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

Mo ti rò pé ara mi le. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi yọ omi. Àwọn àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kò sì ní àánú lójú.

"Kóòṣì, ebè kì í gbọ́ fèrè o."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń na iṣan ni."

"Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ yọ wọ́n kúrò ní pápá, ẹ fi ẹlòmíì wọlé."

Télọ̀ tó bá mi wá dá wọn lóhùn pé kóòṣì kì í wọ pápá, pé nítorí àna nìkan ni wọ́n ṣe wọ tòní. Mo tẹ̀ mọ́ ọkọ́.

Oòrùn ti mú dáadáa nígbà tí a gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti ibi ahéré. Ó pọ̀, kò sì tètè dáwọ́ dúró. Ìyàwó mi ló ròyìn ohun tó fà á fún mi lẹ́yìn náà. Àwọn ọkùnrin méjì láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Kàdúná ti wá mi dé ilé ní Adó. Aládùúgbò wa sọ fún wọn pé mo lọ san ọ̀wẹ̀ àna ní Ìgèdè. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó sì mọ̀, bí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, pé ọkọ ìyàwó tuntun ló ń san ọ̀wẹ̀ àna. Wọ́n wá yà lọ́nà, wọ́n ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti àkùkọ adìyẹ, kí wọ́n má bàa dé ibi ìnáwó lọ́wọ́ òfìfo. Ìyàwó mi ni wọ́n bá nídìí odó.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ìnáwó o, mà. A bá Kóòṣì yọ̀. Ṣé ìyáálé lẹ jẹ́?"

Ìyàwó mi wo páálí ọtí, ó wo àkùkọ, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Èmi ni ìyáálé, èmi náà ni ìyàwó tuntun. Ẹ gbé ọtí yẹn síbòji."

Ọkùnrin náà rìn láàárín ebè wá bá mi, bàtà rẹ̀ tó ń dán ń rì sínú ilẹ̀ tútù. Ẹnì kejì rẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá, dúró sí etí oko. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ìdúró: ilé, ọkọ̀, awakọ̀, pápá tó tẹ́jú tó sì ní koríko, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Bí mo bá kọ̀, Bìní ni wọ́n ń lọ láti ibẹ̀, kóòṣì kan wà níbẹ̀ tó ń retí wọn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sínú ọkọ̀," ó ní. "Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Mi ò lè kúrò lóko báyìí."

"Ẹni tó gba ife ni yín, Kóòṣì. Ebè lẹ̀ ń kọ."

"Ebè àna mi ni."

Àbúrò ìyàwó mi kan ti dúró láti gbọ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá jáde, ọjọ́ mìíràn ni a máa tún un ṣe o, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo wo ọ̀dọ̀ bàbá. Ó ń wo òkè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Mo ní kí àlejò náà lọ bá bàbá jókòó sábẹ́ igi, pé tí iṣẹ́ bá tán màá dá a lóhùn. Ó lọ.

Ìgbà tó kù nínú iṣẹ́ yẹn ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà já. Mo rò nípa Kàdúná. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ti kọ́ ni màá bá níbẹ̀, màá sì bá alága, alága náà yóò sì ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n náà yóò sì ti bímọ. Mo rò nípa pápá Fada tó dagun. Mo mọ̀ pé a lè tẹ́ ilẹ̀ tó dagun. Ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Mo rò nípa wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Mo rò nípa tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìkanra kọ́ ni mo fi pinnu, ìrẹ̀wẹ̀sì sì kọ́. Mo fẹ́ gbé ẹgbẹ́ kan dìde láti ìpìlẹ̀, níbi tó ti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ni yóò mú un wọlé, mo sì rí i pé mo lè ṣe é láìkúrò nílé. Nígbà tí mo dé ìparí poro tí mo wà, ó ti dá mi lójú.

Bàbá dìde. Ó wo oko láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ó tó," ó ní.

Àlejò náà dìde pẹ̀lú rẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi nínú odò etí oko, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lọ sídìí odó. Ìyàwó mi ń gún iyán, kò dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Mi ò lọ sí Kàdúná."

Ọmọ odó dúró. "Ṣé ẹ ti dá wọn lóhùn ni?"

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá."

Ó wẹ̀yìn wo ibi tí àlejò dúró sí. Ó ní, "Níbo wá ni?"

"Ilé-ìwé Fada."

"Pápá tó dagun yẹn?"

"Òun náà."

"Àwọn ará Fájuyì á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé torí wọ́ọ̀dù ni? Tó bá jẹ́ torí rẹ̀ ni, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wò mí bí ẹni tó di yín lọ́wọ́."

"Ó wà níbẹ̀," mo ní. "Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́."

"Ẹgbẹ́ Fada ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

"Fada kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ní Adó."

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ nítorí èéfín. "Ẹ lọ dá àwọn àlejò lóhùn," ó ní, "kí iyán yìí má tutù."

Mo dá wọn lóhùn. Ọkùnrin náà kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí òun lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kejì òun dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n jẹ iyán bí ẹni tí kò bínú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo rí i pé ojú rẹ̀ wà lára páálí ọtí. Àǹtí ìyàwó mi kan rí i pẹ̀lú. Ó ní, "Ọtí ìyàwó tuntun kì í padà sílé o, ọ̀gá." Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Bìní lọ.

Kí a tó kúrò lóko, ìyàwó mi lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Ó fi àdá wa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó hù sábẹ́ rẹ̀, tòun ti yẹ̀pẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lé nínú ọkọ̀ títí a fi dé Adó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó fa tẹ̀tẹ̀ igun kan tu lẹ́yìnkùlé, ó gbìn ín síbẹ̀.

Mo ní, "Ìgbà wo lèyí máa so?"

"Ó máa ń pẹ́," ó ní. "Ẹ ṣáà máa kọ́ bọ́ọ̀lù yín."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Fájuyì, onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró lórí oníbàárà kan. "Ilé-ìwé?" ó ní. "Kóòṣì, ẹ ti ba tẹ́tẹ́ jẹ́." Òun àti awakọ̀ náà jọ mu ọtí náà, torí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan fi ń wò mí bí ẹni tó ṣubú lórí igi. Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pápá náà, a ń wa òkè rẹ̀ dà sí ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ kan já àwọn àbúrò ìyàwó mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ wọn. Wọ́n ní Kóòṣì ti ṣe tàwọn, pé àwọn wá ṣe tiẹ̀. Èyí tó ní kí wọ́n yọ mí kúrò ní pápá lóko ló kọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, télọ̀ sì rí i dájú pé gbogbo pápá gbọ́. Orí pápá yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan jáde níbẹ̀ tí rédíò dárúkọ wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni tó lágbára.

Ìyàwó mi gba wọ́ọ̀dù náà, ó sì dì í mú títí òun náà fi fẹ̀yìn tì. Igi rẹ̀ pẹ́ lóòótọ́ kó tó so. Lọ́dún tó kọ́kọ́ so, ó mú èso àkọ́kọ́ wá bá mi, ó ní kí n tọ́ ọ wò ṣáájú. Ó kan. Ó ní èyí tó ń bọ̀ á dùn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àkọ́bí tún pè mí. Ó ti tún yàrá kan ṣe fún mi ní Èkó, ó fẹ́ mọ ìgbà tí mò ń bọ̀. Ó ní ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ yá ilé náà, pé kìkì igi ẹ̀yìnkùlé yẹn ló fẹ́ kí a gé, kí ó lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Mo ní kí ó fún mi láàyè díẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. A sin ìyàwó mi sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò jìnnà sí ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Mo fa koríko tó hù létí sìmẹ́ńtì náà tu. Mo sọ ìpinnu mi fún un. Lẹ́yìn náà ni mo padà sílé, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo tẹ ọmọ wa láago, mo sì sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan.